Ọdún tí ìlù kúrò nínú ìlú

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo fi oṣù kìíní títí dé oṣù kẹrin ọdún yìí ṣe, n kò ní rí nǹkan kan dì mú. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo bọ̀. Ọjọ́rú kan nínú oṣù karùn-ún ni ọdún tó bẹ̀rẹ̀ fún mi, nígbà tí Màmá Káàdì gbé ìwé kékeré kan sójú kámẹ́rà, tí wọ́n ní, "Bá mi wò ó, kí ni ìwé yìí ń sọ?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ Màmá Káàdì. Wọ́n ní orúkọ àwọn gan-an ni kí n máa pè, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọ̀ wọn, ẹnu mi kò gbà á: ẹni tó ti ń to ìwé kí wọ́n tó bí mi! Ọdún kẹrin rèé tí ilé ìkàwé wọn lókè òkun àti tiwa ti ń bára wọn ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn ni olùkọ́, èmi ni akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ìwé ní ìlànà MARC 21. Wọ́n jókòó tì mí lórí fídíò títí Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìkàwé fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwé, fi ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wa. Àwọn náà ló júwe Research4Life fún mi, tí àwọn olùwádìí wa fi ń ka jọ́nà tí a kò lówó rẹ̀. N kò lè dúpẹ́ tán. Síbẹ̀, kí ọwọ́ ẹni máa wà nísàlẹ̀ nígbà gbogbo, ó ń dunni. Ẹ rántí àwọn páálí ìwé ọ̀fẹ́ tí ẹgbẹ́ kan kó ránṣẹ́ sí wa láìbéèrè ohun tí a fẹ́: ìwé owó orí orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn, ti ogún ọdún sẹ́yìn. Màmá Káàdì kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa rí. Wọ́n máa ń béèrè.

Nínú àkọsílẹ̀ wọn, "Ilu" ni orúkọ ìwé ọjọ́ náà, láìsí àmì kankan. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ni 320.8, èyí tí ètò Dewey, tí ilé ìkàwé fi ń fi nọ́ńbà to ìwé, fún ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ṣí i: awọ, ọsán, kọ̀ǹgọ́.

"Màmá, ìlù ni, kì í ṣe ìlú."

Wọ́n ní kí n tún un sọ. Wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé ohùn mi lójú afẹ́fẹ́. "Ó lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, mà."

786.9, nọ́ńbà ti ìlù, ló yẹ kó wà. Ta ló ti wá a láti ọjọ́ yìí, tó pa dà lọ́wọ́ òfo?

A ka ìwé Yorùbá tó wà lọ́wọ́ wọn: 340. Láti ọjọ́ náà, èmi ni olùkọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Iṣẹ́ náà le ju bí mo ṣe rò lọ. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. Àmì òkè ni a ó gbé lé e lọ́tọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan á tẹ o, á fi àmì abẹ́ sí i, á wá fi ti òkè. Òmíràn á mú ọ odindi. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Bí a kò bá kọ́ kọ̀ǹpútà láti sọ wọ́n di ọ̀kan, á ní ìwé tó wà lórí pẹpẹ kò sí.

Màmá ló sọ fún mi nígbà kan pé ọ̀rọ̀ àwọn Māori ti New Zealand ni Koha. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 2000. Ẹ̀bùn ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ̀bùn tí ẹni tó gbà á náà ń fún ẹni tó fún un padà bó bá yá. Mo ti ń rí orúkọ yẹn lójoojúmọ́ láìmọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, mo ṣí fídíò lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo dúró fún wákàtí kan. Ọmọ wọn obìnrin ló dáhùn ímeèlì mi. Mo kà á tán, mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ ń to ìwé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí iṣẹ́. A ti parí 219 nínú 340. Ọ̀gá mi, tó gbà kí n máa lo wákàtí iṣẹ́ fún un, ẹ ṣé mà. Oṣù kẹta ni àdéhùn ilé ìkàwé méjèèjì yóò parí, wọn kò tíì fọwọ́ sí tuntun. Ọkàn mi kò balẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì sọ̀rètí nù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ipò wọn kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ya fọ́tò méjì. Àkọ́kọ́ ni káàdì àtijọ́ ti ìwé ìlù náà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́: Màmá ti fi pẹ́ńsùlù fa àmì méjèèjì sí i, wọ́n sì pa nọ́ńbà rẹ́, wọ́n kọ 786.9. Ìkejì ni ìwé kan tí wọ́n kọ "Igba" sí lẹ́yìn. Ó ní, èwo ni: igba, igbá, àbí ìgbà?

Mo ní kó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ dè mí di Ọjọ́rú.