Àyẹ̀wò ọdún 2025: ohun tí ìwé pupa mi kọ nípa ọkọ̀ ike

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n mú iná lọ láàárọ̀, mo bá gbé ìwé pupa mi, mo lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ọdún 2016 ni mo ti ń kọ gbogbo mọ́dẹ́ẹ̀lì tí mo bá rà sínú ìwé yìí: orúkọ ọkọ̀, iye tí wọ́n tà á, iye tí mo fi gbé e dé Ìbàdàn, àti ọjọ́ tí mo tò ó tán. Fún ẹni tí kò bá mọ ohun tí mò ń sọ, àwọn ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ogun kéékèèké ni, ike ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ẹ̀yà wọn ló máa ń wà nínú páálí. Ìwọ fúnra rẹ lo máa gé wọn, tí o máa lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí o máa kùn wọ́n lọ́dà, títí wọn á fi jọ èyí tó ń fò lójú ọ̀run. Tíṣà físíìsì ni mí. Bí mo bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ tán lálẹ́, ibi tí ọkàn mi ti ń balẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún 2019, páálí mọ́kànlá ni mo rà. Lọ́dún 2021, méje. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́ta. Lọ́dún yìí, méjì. Mo ṣí ojú ìwé náà síwájú sẹ́yìn, mo rò pé ọ̀kan ti já kúrò. Kò sí èyí tó já.

Ẹ wo ìlà méjì. Oṣù Kọkànlá ọdún 2021: Spitfire kékeré, ọkọ̀ òfuurufú ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n 1/72 (ọkọ̀ gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po méjìléláàádọ́rin), £8. Àwọn màlàmù tó ń ṣẹ́ owó ní Sábó ń ta pọ́n-ùn kan ní ₦760 nígbà náà, ó jẹ́ ₦6,080. Oṣù Kẹta ọdún 2025: irú Spitfire yẹn náà, £11. Pọ́n-ùn kan ti di ₦2,000, ó jẹ́ ₦22,000. Mi ò tíì ka owó ẹrù mọ́ ọn. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀n fi pọ́n-ùn mẹ́ta lé owó tirẹ̀. Èmi tí mò ń gbé Ìbàdàn fi ẹgbàá mẹ́jọ náírà ó dín díẹ̀ lé tèmi. Ike kan náà ni o, ẹ̀yà kan náà, kò sí ìṣó kan tí wọ́n fi kún un.

Ibi tí nǹkan ti yí padà nínú ìwé náà hàn gbangba. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Báǹkì Àpapọ̀ jáwọ́ lára náírà kí ọjà máa dá iye rẹ̀ sọ. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi ₦470 lọ́wọ́ ìjọba ti kọjá ₦1,500 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Lójú ìwé ọdún 2024 yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ “dúró ná” síwájú orúkọ ọkọ̀ tí mo fẹ́ rà. Mẹ́ta nínú mẹ́rin náà ṣì ń dúró di òní.

Ṣùgbọ́n mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru náírà, torí pé àwọn tó ń fi pọ́n-ùn gba owó oṣù náà ń kérora. Ohun tó wọ́n nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ike. Inú epo rọ̀bì ni ike yẹn ti ń wá, èyí tó sì wà nínú páálí kékeré kan kò wúwo ju ẹ̀kúnwọ́ gààrí méjì lọ. Irin ló wọ́n. Wọ́n ní láti gbẹ́ ìrísí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sínú irin líle kí wọ́n tó máa fi agbára ti ike gbígbóná wọ inú rẹ̀. Páálí tí wọ́n bá tà ló ń dá owó irin yẹn padà. Nígbà tí àwọn ọmọdé ń rà á lọ́pọ̀ yanturu, èyí tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Lónìí, àwa àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà, a kò sì pọ̀ tó wọn. A tún ń fẹ́ kí ìlà ara ìyẹ́ hàn ketekete, kí àga awakọ̀ ní bẹ́líìtì. Iṣẹ́ ara irin wá ń pọ̀ sí i, àwọn tó máa pín owó rẹ̀ sì ń dín kù.

Ọ̀rọ̀ irin yìí wà lọ́kàn mi ní oṣù Keje, nígbà tí ìròyìn dé pé Shunsaku Tamiya, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì Tamiya, kú ní ilẹ̀ Japan lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Ọkàn mi bàjẹ́ bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n rí. Pákó ni bàbá rẹ̀ ń tà ní Shizuoka, mọ́dẹ́ẹ̀lì pákó ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń ṣe. Nígbà tí ike dé, tí ti pákó kò tà mọ́, wọ́n ṣe ọkọ̀ ogun ojú omi Yamato lọ́dún 1960, wọ́n dá 500 yen lé e. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, Nichimo, gbé Yamato tirẹ̀ jáde ní 350 yen. Tamiya ní láti já tirẹ̀ wálẹ̀ sí 350, owó irin tó ti ná kò sì padà wọlé. Ó kù díẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ tí gbogbo wa ń wárí fún lónìí kú sórí páálí kìíní. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe ọkọ̀ ogun Panther tó ń fi bátìrì rìn. Ìwọ̀n tí bátìrì àti mótò rẹ̀ máa gbà ni wọ́n fi ya á, òun ló sì di 1/35 tí àwọn aṣe-mọ́dẹ́ẹ̀lì káàkiri ayé ń lò fún ọkọ̀ ogun títí dòní. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn nǹkan mìíràn náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ gidi, irú Boeing, ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ wọn sára páálí. Owó kọ̀ǹténà fò sókè lọ́dún 2021. Nígbà tó sì fẹ́ rọlẹ̀, ìkọlù bẹ̀rẹ̀ lórí Òkun Pupa ní ìparí ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi bá ń gba ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà yí ká.

Àkàrà tú sépo fún mi lórí Spitfire oṣù Kẹta yẹn. Oṣù Kẹta ni mo sanwó, oṣù Kẹjọ ló dé ọwọ́ mi. Ẹni tó bá mi kó o wá ti gbé ẹrù wíwúwo lé e lórí, páálí náà ti tẹ̀ bí ike omi tí mọ́tò gùn. Gíláàsì orí awakọ̀ ti là sí méjì. Ohun tó sọ fún mi ni pé páálí kékeré ni, kí n má bínú. ₦22,000 ni, ó sì ti gba owó ẹrù ní kíkún. Mo gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò fẹ́ wò ó.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo wá kọjú sí. Páálí mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ni mo ti rà nígbà tí owó ṣì tó owó. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni DC-10, ọkọ̀ òfuurufú akérò ńlá, tí mo rà ní àlòkù lọ́dún 2017 ní ₦9,000. Ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí láti ọdún mẹ́jọ. Bàbá mi ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Nigeria Airways ṣe ní Ìkẹjà. DC-10 méjì ni wọ́n ní. Ọ̀kan jóná nílùú Ìlọrin lọ́dún 1987 níbi tí wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀, kò sì sẹ́ni tó kú. Èyí tó ṣẹ́ kù, 5N-ANN, ni bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ màlúù rẹ̀. Òun náà ló ra mọ́dẹ́ẹ̀lì mi àkọ́kọ́ bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 1988. Mi ò fẹ́ fi ọwọ́ àìmọṣẹ́ ba ANN jẹ́.

Ibi tí ìhà méjèèjì ara ọkọ̀ ti pàdé lórí DC-10 yìí kò wọnú ara wọn dáadáa. Àlàfo gígùn kan wà lẹ́yìn rẹ̀ láti iwájú dé ìdí. Ohun tí wọ́n fi ń dí i wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ti kọjá ohun tí mo rà ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Mo lọ bá àwọn tó ń kun mọ́tò ní Ìwó Road, mo ra tínnà wọn, èyí tó rẹlẹ̀ jù. Mo rẹ́ férémù tí ẹ̀yà DC-10 ti já kúrò wẹ́wẹ́ bí ẹni rẹ́ ẹ̀fọ́, mo kó o sínú ìgò oògùn ikọ́ tí mo ti fọ̀, mo da tínnà lé e, mo dé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti yọ́ di bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki. Mo ṣí fèrèsé, mo bo imú, mo fi igi ìtayín fà á sínú àlàfo náà díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rẹ sáńpépà sínú omi, mo fi ń họ ọ́ jẹ́jẹ́, ike funfun ń ṣàn bí omi ẹ̀fun sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo fi èékánná fà á láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò kọ́ mi lọ́wọ́ níbì kankan. Ike ọkọ̀ náà gan-an ló di ara rẹ̀. Láti ọdún tí mo ti ń ra ti inú túùbù, kò sí èyí tó dára tó o.

Ọ̀dà àwọn akunmọ́tò náà ni mo lò. Wọ́n po àwọ̀ ewé fún mi títí ó fi bá àwòrán bàbá mi mu. Kọ̀ǹpẹ́sọ̀ fíríìjì kan tó ti kú, tí ẹni tó ń tún un ṣe ládùúgbò wa tà fún mi, ló ń fún mi ní atẹ́gùn tí mo fi fọ́n ọn. Erin oníyẹ̀ẹ́ tó jẹ́ àmì Nigeria Airways kò sí nínú páálí. Búrọ́ọ̀ṣì tínrín àti gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ni mo fi yà á, alẹ́ mẹ́ta ló gbà mí. Màmá mi, ẹni ọdún 76, gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó títí.

“Ọkọ̀ bàbá ẹ nìyí,” ni ó wí.

Òun ló béèrè iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀. Mo sọ fún un pé ní ọdún 1952, nígbà tí ilé-iṣẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì Airfix bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ Golden Hind kékeré nínú ọ̀rá ní ìsọ̀ Woolworths nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣílè méjì ni. Ṣílè yé màmá mi ju náírà lọ. Ó ti dàgbà dáadáa kí náírà tó dé lọ́dún 1973. Ó ní, “Ṣílè méjì? Owó ọmọdé nìyẹn.” Owó ọmọdé ni lóòótọ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kéékèèké nìyẹn, tí wọ́n fi kó o sínú ọ̀rá, kí ọmọ tó bá tọ́jú owó ìpápánu rẹ̀ lè rà á fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ màmá mi yìí ló dùn mí jù lọ́dún yìí, nítorí Tómi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Tómi, ọmọ ọdún 12. Láti ìgbà tó ti rí DC-10 ni kò ti jẹ́ kí n sinmi. “Àǹkú, ẹ jẹ́ kí èmi náà bẹ̀rẹ̀.” Mo jókòó, mo ṣírò ohun tó kéré jù tó máa nílò: páálí kan, gọ́ọ̀mù, ọ̀dà mẹ́ta, búrọ́ọ̀ṣì méjì, ọ̀bẹ. ₦48,000. Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí jẹ́ ₦70,000. Bàbá tó bá ń gba ₦70,000, tó sì fi ₦48,000 ra ọkọ̀ ike fún ọmọ, àwọn ẹbí á pe ìpàdé lé e lórí, wọn ò sì ní jẹ̀bi. Èmi lè dúró ná. Mo ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ọdún 12 kò ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ọdún mẹ́ta bá sì kọjá, nǹkan mìíràn ni yóò máa wù ú.

Mo fún un ní Spitfire tí gíláàsì rẹ̀ là. Ó ní kí a fi ọ̀dà dúdú kun gíláàsì náà ká má bàa rí ibi tó là, mo gbà fún un. Táyà kan ti sọnù, gọ́ọ̀mù ti tẹ̀ka sí ìyẹ́ òsì, orí tẹlifíṣọ̀n wọn ló wà báyìí. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pupa. Òun ni ìkarùn-ún ọdún yìí, mẹ́rin tó kù ni tèmi. Páálí mẹ́rìnlá ló ṣẹ́ kù.

Ní oṣù Kìíní, mo fẹ́ ṣí tábìlì kan ní yàrá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn àkókò ilé-ìwé. Ọ̀gá wa ti gbà, ṣùgbọ́n ó ní kò sí ọ̀bẹ, kò sí bíléèdì, kò sí tínnà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Lọ́dún 2020, ilé-iṣẹ́ Bandai gbé rọ́bọ́ọ̀tì Gundam kan jáde tí wọ́n pè ní Entry Grade, 770 yen ni wọ́n dá lé e ní Japan. Kò gba gọ́ọ̀mù, kò gba ọ̀dà, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yọ ẹ̀yà rẹ̀ kúrò lára férémù. Bí mo bá ṣírò rẹ̀ sí owó tiwa lónìí, nǹkan bíi ₦7,200 ni, kí a tó gbé e dé. Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti kó mẹ́fà wọlé, ẹni tó yàtọ̀ sí ti oṣù Kẹta, mo sì ti sọ fún un pé kó kó wọn sínú páálí líle. Orúkọ àwọn ọmọ tó ti fi ara hàn jẹ́ mọ́kànlá. Méjì-méjì ni wọn yóò máa to ọ̀kan pọ̀. Tómi kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé wa, ṣùgbọ́n ó ti ní òun máa wá.