Ìwé Tí Ó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Tábìlì

Nígbà tí àrùn yírùnyírùn kọ lu ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kan náà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fún èmi náà ní oògùn, nítorí pé ẹni tí ó bá ń sùn nítòsí aláàrùn bẹ́ẹ̀ lè ti kó kòkòrò rẹ̀ láìmọ̀. Rifampicin ni orúkọ oògùn náà: kapúsù 2, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 300, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, fún ọjọ́ 2 péré. Apòògùn ṣàlàyé dáadáa láti ẹ̀yìn gíláàsì, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. “Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́” nìkan ni ó wọ̀ mí létí. (Ara ọ̀rẹ́ mi ti yá báyìí, òun gan-an ni ó sì fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí fún àlejò.)

Ìwé kan wà nínú páálí oògùn náà, tí wọ́n ṣẹ́ po ní ọ̀nà mẹ́wàá, tí lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ kan tábìlì mi ti kúrú, tí ó sì máa ń mì síwá mì sẹ́yìn bí mo bá gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e. Mo wo ìwé náà, mo wo ẹsẹ̀ tábìlì, mo rí i pé wọ́n bá ara wọn mu bí ẹni pé wọ́n wọ̀n wọ́n ṣe ni. Mo kì í bọ abẹ́ rẹ̀, tábìlì dúró ṣinṣin, mo gbé kapúsù 2 mì, mo sì sùn.

Ní òwúrọ̀, mo dúró láti tọ̀, mo sì wo ilẹ̀. Pupa fòò! Orúnkún mi yẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tọ̀ o!” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “O ò ní kú o. Àmọ́, kí tilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣínà kọ̀ǹpútà rẹ?” Ìgbà náà ni ẹkún gbọ̀n mí. Mo fi aṣọ ìnujú funfun nu omijé, nígbà tí mo sì mú un kúrò lójú, òun náà ti pọ́n rúsúrúsú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń gba òkè àti ìsàlẹ̀ jáde lára rẹ̀, kí ni ó tún ń dúró dè nílé?

Mo tọ díẹ̀ sínú ìgò, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo sì sáré dé ilé ìwòsàn. Níbi tí a ti ń dúró, ọmọdé kan nawọ́ sí ìgò mi, ó ní kí ìyá òun bá òun bẹ̀ mí kí n fún òun nínú ẹlẹ́rìndòdò náà. Ìyá wo ìgò, ó wo ojú mi, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ jókòó sí ibòmíràn.

Nọ́ọ̀sì àgbà gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n bi mí ní oògùn tí mo lò, bí mo sì ti dárúkọ rẹ̀ ni ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní oògùn náà fúnra rẹ̀ pupa, àwọ̀ rẹ̀ ni ara ń tì jáde nínú ìtọ̀, omijé àti itọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, yóò sì mọ́ tí mo bá lò ó tán.

“Òógùn ńkọ́, mà?”

Wọ́n na ìka sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi. Oògùn ti di òógùn, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ti gba àwọ̀.

“Àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ ń fi oṣù 6 lo oògùn yìí,” ni wọ́n wí, “n kò sì tíì rí èyí tí ó gbé ìgò sáré wá bá mi. Ṣé o kò lo ìwé inú páálí ni?”

Mo ní mo ń lò ó.

Nígbà tí mo délé, mo dọ̀bálẹ̀, mo fa ìwé náà yọ. Gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ kìlọ̀ pé ó lè ba lẹ́ǹsì tí àwọn kan ń fi sínú ojú dípò awò jẹ́, àti pé ó lè sọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí di aláìlágbára, èyí tí kò kàn mí. Mo kà á tán, mo ká a padà, mo sì dá a padà sí abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì.