Abẹ́ Ẹsẹ̀ Yín Ni Ẹja Wà

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ọ̀pá ìwọ̀ dé orí afárá Santa Monica, tí ó wọ inú òkun ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà, mo rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi nípa ẹja. Mo gbàgbé pé ọ̀sà ni mo mọ̀, n kò mọ òkun. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ju ìwọ̀ sí ọ̀nà jíjìn, tí ó sì jẹ́ pé ewéko òkun ni mo ń fà bọ̀.

Bàbá arúgbó kan, ọmọ ilẹ̀ Philippines, ni ó bi mí léèrè ohun tí mo ń wá lọ sọ́hùn-ún. Ó ní kí n wo àwọn òpó tí ó gbé afárá náà dúró. Àwọn ẹ̀dá omi oníkarahun dúdú ti lẹ̀ mọ́ wọn pinpin, akàn kéékèèké ń rìn láàárín wọn, ẹja tí ó sì ń jẹ nǹkan wọ̀nyí kò ní ohun tí yóò wá kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ìwọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òpó, pẹ̀lú ìwọ̀nba òjé tí yóò mú un rì. Ẹja tí wọ́n ń pè ní surfperch ni mo sábà máa ń rí níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kéré, nítorí náà ìwọ̀ nọ́ńbà 6 tàbí 8 ni ó yẹ ẹ́ (bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i, ohun tí ó ti ná mi lówó lásán rí). Ọmọ ni ẹja yìí ń bí, kì í yé ẹyin. Èyí tí mo bá rí tí ó lóyún, omi ni mo ń dá a padà sí.

Òkun ibẹ̀ máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo àkókò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí wákàtí méjì tí ó ṣáájú kíkún omi ni mo ti ń rí ẹja jù, pàápàá bí ó bá bọ́ sí ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́. Títùsì kò sí nínú òfin yìí. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni ó ń rìn, bí ó bá sì dé, okùn tí a so ìwọ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà mọ́, tí a fi ìyẹ́ tín-ín-rín bò, ti tó láti fa mẹ́ta mẹ́rin sókè lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìdẹ kankan.

Ẹ má ṣe fi okùn fa ẹja ńlá gun afárá. Mo pàdánù halibut kan (ẹja ńlá pẹlẹbẹ) bẹ́ẹ̀: nínú omi, omi ni ó gbé ìwúwo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti yọ sí afẹ́fẹ́ báyìí ni okùn já. Àwọ̀n olóbìírí tí a fi okùn sọ̀ kalẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ fi gbé e, kí ẹlòmíràn sì bá yín dì í mú.

Ẹ kò nílò ìwé àṣẹ láti pẹja lórí afárá ìjọba tí ó wọ inú òkun ní California, ṣùgbọ́n ọ̀pá méjì péré ni ẹnì kan lè lò, halibut tí kò bá sì tó íńṣì 22 gbọ́dọ̀ padà sómi.

Ọ̀rọ̀ jíjẹ wá ṣe pàtàkì ju ti pípa lọ. Láti afárá Santa Monica títí dé ti Seal Beach, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti kìlọ̀ pé kí a má jẹ ẹja márùn-ún kan, nítorí májèlé DDT (oògùn apakòkòrò) àti PCB (kẹ́míkà ilé iṣẹ́) tí a dà sínú òkun náà láyé àtijọ́: barracuda, topsmelt, black croaker, barred sand bass àti white croaker. Èyí tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yìí ni ó rọrùn jù láti pa, òun náà ni ó sì ń dùn mí jù láti dá padà, nítorí ó jọ ẹja tí ìyá mi máa ń fi se ọbẹ̀ ata fún wa.