Ìdajì Sack Kan ní Ọdún 2001

Ọjọ́ Àìkú

Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ń fara balẹ̀ ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Brooklyn ní ọdún 1977, tí ó sì gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà nínú líìgì NFL títí di ọdún 2010. Ọdún 2001 ni ojú mi kò kúrò lára rẹ̀, nítorí pé ìdajì sack kan péré ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ ní gbogbo ọdún náà. Mo bi ara mi léèrè ohun tí ọkùnrin kan máa ń rò nígbà tí ó bá parí ọdún kan gbáko, tí èyí sì jẹ́ gbogbo ohun tí ìwé lè sọ nípa rẹ̀.

Ipò defensive end ni ó ń gbá, ìyẹn ẹni tí ń dúró sí ìpẹ̀kun ìlà àwọn tí ń dènà. Ọkùnrin gìrìwò kan máa ń dúró níwájú rẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń ju 300 pọ́n-ùn lọ, tí wọn kò sì gbé iṣẹ́ mìíràn lé lọ́wọ́ lásìkò yẹn ju pé kí ó má jẹ́ kí ó kọjá. Bí ó bá borí ọkùnrin yìí, tí ó dé ọ̀dọ̀ quarterback tí ń ju bọ́ọ̀lù, tí ó sì gbé e ṣánlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a kọ sack kan fún un. Bí ó bá jẹ́ ẹni méjì ni ó jọ gbé e ṣánlẹ̀, ìdajì ìdajì ni wọ́n máa ń pín. Láti ọdún 1982 ni líìgì náà ti ń ka sack fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ó sáré tagbáratagbára tí ó ku díẹ̀ kí ó débẹ̀ kò sí nínú iye yẹn rárá.

Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama Tottenville ní Staten Island ni ó ti lọ sí Yunifásítì Indiana, níbi tí ó ti kó sack 34.5 jọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì kó tó bẹ́ẹ̀ jọ rí ní yunifásítì náà. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi ní ọdún tí ó gbá kẹ́yìn níbẹ̀. Nígbà tí ètò yíyan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun dé ní ọdún 2000, ọmọkùnrin 254 ni ẹgbẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n pín láàárín ara wọn, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan tí ó dá orúkọ Ògúnlẹ́yẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n yàn tán ni Miami Dolphins tó mú un, ó sì fi gbogbo ọdún náà tọ́jú ẹsẹ̀. Ìdajì sack ti ọdún 2001 ló tẹ̀ lé e.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọdún 2002, ó ní 9.5, ní ọdún 2003, ó ní 15, iye tí ẹnikẹ́ni kò ní tó lọ́dún náà ní AFC, ọ̀kan nínú ìpín méjì tí líìgì náà ní, wọ́n sì yàn án sí Pro Bowl, ìdíje àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó dáńgájíá jù lọ. Ní ìpẹ̀kun kejì ìlà náà ni Jason Taylor wà, ẹni tí wọ́n gbà sínú Hall of Fame, ilé ọlá àwọn gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù, ní ọdún 2017. Mo rò pé nǹkan ńlá ni pé kí ènìyàn ní sack ju irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹgbẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ìṣirò mìíràn ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ìdíje mẹ́rìndínlógún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá lọ́dún nígbà náà. Sack 15 nínú ìdíje mẹ́rìndínlógún kò pé ẹyọ kan fún ìdíje kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ ba sórí ìlà láàárín ìdíje kan ṣoṣo. Ìyẹn ni pé ní ọdún tí ó dára jù lọ fún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ó dìde ni wọ́n dá a dúró, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tún dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pẹ̀lú okun tí ó fi dìde ti àkọ́kọ́, torí kò mọ èyí tí yóò já sí i.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, lẹ́yìn tí òun àti Dolphins kò rí ọ̀rọ̀ owó yanjú, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Chicago Bears, wọ́n sì gba Marty Booker àti àǹfààní láti yan agbábọ́ọ̀lù kan dípò rẹ̀. Ó ní 10 ní ọdún 2005. Ní ọdún 2006, tí Bears borí nínú ìdíje mẹ́tàlá, sack tirẹ̀ jẹ́ 6.5, nígbà tí Mark Anderson, ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé, ní 12. Èmi kò gbà pé ó ti rọ. Ẹni tí ẹgbẹ́ alátakò mọ̀, tí wọ́n sì ń bẹ̀rù, ni wọ́n máa ń kó ènìyàn méjì tì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì rí ààyè.

Lálẹ́ àná mo tún wo Super Bowl kọkànlélógójì, ìdíje àṣekágbá líìgì náà, èyí tí wọ́n gbá ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 2007. Pápá tí ó ti kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú Dolphins ni wọ́n gbá a sí, òjò sì ń rọ̀ ṣáá. Devin Hester ti Bears gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó sì gbé e sáré dé òpin pápá. Inú mi tún dùn bí ẹni tí kò mọ bí yóò ṣe parí. Lẹ́yìn náà ni Dominic Rhodes àti Joseph Addai ti Indianapolis Colts bẹ̀rẹ̀ sí gbé bọ́ọ̀lù sáré gba àárín kọjá léraléra, débi pé nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú ìdíje náà, ọwọ́ Colts ni bọ́ọ̀lù wà fún ohun tí ó ju méjìdínlógójì lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, defensive end kò lè máa wá quarterback kiri. Àwọn tí ń sáré ni yóò máa dá dúró nínú ẹrẹ̀, láìsí ìsinmi. Colts borí pẹ̀lú 29 sí 17. Ó dùn mí púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé alẹ́ yẹn náà ni Tony Dungy, olùkọ́ni Colts, di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó kó ẹgbẹ́ gba Super Bowl.

Ó lo ọdún mẹ́ta sí i ní Chicago, ó sì yà sí Houston Texans fún ìgbà díẹ̀ ní ìparí ọdún 2010. Àpapọ̀ sack rẹ̀ jẹ́ 67. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ó gba oyè MBA ní Yunifásítì George Washington, ó sì wá di olórí ẹ̀ka tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó àwọn eléré ìdárayá àti àwọn òṣèré ní báńkì UBS, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì ti lè jókòó síwájú ẹni tí ó ti bá ẹgbẹ́ tirẹ̀ fa ọ̀rọ̀ owó rí.