Ẹni Yín Ò Sí Ńbí

Ọjọ́rú. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù, oorun ò kùn mí.

"Àǹtí, ẹ má bínú, ẹni yín ò sí ńbí." Bàbá akọ̀wé yẹn ò pariwo, kò sì fi ọ̀rọ̀ gún mi. Ó rọra pa ìwé ńlá náà dé, ó fi ọwọ́ nu eruku ẹ̀yìn rẹ̀, ó sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo jáde. Ìgbà tí mo dé ibi tí mo ti fẹ́ wọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń dùn mí, bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ tí kò mọ̀ pé òun bó títí tó fi rí ẹ̀jẹ̀ lára bàtà.

Ẹ̀yin tí a ti jọ ń bọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tí bàbá mi kú ni mò ń wá nínú ìwé ìjọba, mi ò ní tún un rò.

Ohun tí mo ṣe lónìí ò pọ̀. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo wọ Micra lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, mo san owó ìwádìí, wọ́n já risíìtì fún mi, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún bíi wákàtí méjì, wọ́n wò ó, wọn ò rí i. Mo ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà nígbà tí mò ń bọ̀. Ó tán.

Ẹni yín ò sí ńbí. Mo mọ ibi tí mo ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn ní kékeré, tí Màmá bá ní kí n lọ pe Bàbá wá jẹun. Màá dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ wọn, màá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Bàbá ẹ ò sí ńbí o, lọ wò wọ́n lọ́dọ̀ mẹkáníìkì." Màá sì ki eré mọ́lẹ̀. Nígbà yẹn, ẹni tí kò bá sí níbí, ó ń bẹ níbòmíì nìyẹn. Bóyá ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ mi fi ń yún mi láti sáré lónìí, tí mi ò sì mọ apá ibi tí mo fẹ́ kọjú sí.

Ká ní ó sọ pé "orúkọ yẹn ò sí ńbí" ni, mo rò pé ǹ bá ti sùn. Orúkọ lè ṣì kọ. Àwọn akọ̀wé ayé ọjọ́un máa ń kọ orúkọ bí etí wọn bá ṣe gbọ́ ọ: èyí á fi "h" sí i, èyí á yọ ọ́, kò sí àmì, kò sí nǹkan kan. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Oríṣi mẹ́rin tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ wa ni mo kọ sínú bébà kan kí n tó kúrò nílé, bàbá náà sì fara balẹ̀ wo gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò pe orúkọ. Ẹni ló pè. Ẹni yín.

Ìwé náà tóbi, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, wọ́n fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Wọ́n fa ìlà sí i láti òkè délẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, iṣẹ́ tó ń ṣe, ibi tó kú sí, ohun tó pa á. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó wá sọ. Ibi tí wọ́n kọ ẹni tó wá sọ yìí, mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ rárá. Gbogbo òkú tó wà nínú ìwé yẹn ló ní ẹnìkan tó dìde nílé, tó wọ aṣọ, tó lọ sí káńsù lọ wí pé ẹni mi ti lọ o. Ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ. Nọ́ọ̀sì ọsibítù.

Bàbá náà ń fi ìka tẹ̀lé ìlà, èmi náà ń bá a kà á láti òdìkejì tábìlì, gbogbo lẹ́tà dorí kodò lójú mi. Mo rí ọmọ ọjọ́ mẹ́fà kan. Wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Níbi tí orúkọ yẹ kó wà, "ọmọ" ni wọ́n kọ, wọ́n wá fi orúkọ bàbá rẹ̀ tẹ̀lé e. Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà! Ẹnìkan fi ọ̀fọ̀ sílẹ̀ nílé, ó rìn wá kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá mi lo bíi ọdún mọ́kànlélógójì láyé, ó rán aṣọ ọdún fún ìdajì àdúgbò, kò ní ìlà kan ṣoṣo.

Inú bí mi níbẹ̀ yẹn. Mo ń wá ẹni tí màá bínú sí, mi ò rí i.

Torí mo mọ bó ṣe jẹ́. Ẹni tó bá kú sí ọsibítù, ọsibítù á kọ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ sin sí ìtẹ́ òkú ìjọba, wọ́n ní láti gbàwé àṣẹ kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ fún un. Àmọ́ ẹni tó kú sórí ẹní nínú yàrá rẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, tí wọ́n ti kírun sí i lára, tí wọ́n ti sin ín sẹ́yìn ilé kí àkókò Àsárì tó tó, kí ló máa gbé ẹnikẹ́ni dé káńsù? Ta ló máa rántí? Màmá wà nínú opó. Bàbá Kékeré ń wá owó sìmẹ́ǹtì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Ìgbéyàwó wọn náà, bẹ́ẹ̀ ló rí: yìgì ni wọ́n so ní mọ́sáláṣí, wọn ò dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n bí wa, ó kú, wọ́n sin ín, ìjọba ò gbọ́ kankan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀. Mo kàn rò pé ìwé kan yóò wà níbì kan ni.

Ọdún nìkan ni a ní. Bàbá Kékeré fi ìka kọ ọ́ sínú sìmẹ́ǹtì tútù lórí sàréè, 1987, kò kọ ọjọ́, kò kọ oṣù. Màmá ní ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká ṣe Iléya ni. Bàbá Kékeré, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, títí tí wọ́n fi lọ ni wọ́n ń sọ pé a ti jẹ Iléya tán. Iléya ọdún yẹn bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, èyí tí a ń wá ò wá ju bíi ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Ẹlòmíì ò mọ ọdún tí bàbá rẹ̀ kú. Mo mọ̀. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi láti ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ ọjọ́ ni mo fẹ́, mo fẹ́ jí lọ́jọ́ yẹn kí n mọ̀ pé òní ni.

Èmi fúnra mi rántí àgbò kan tí wọ́n so mọ́ igi ìbẹ́pẹ. Bí n bá lè rántí bóyá àgbò yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé kún fún èrò… Mo ti di ojú wò ó títí. Nígbà míì ó wà níbẹ̀, nígbà míì okùn nìkan ni mò ń rí.

Ìgbà tí wọ́n bí Bàbá gan-an, oòrùn ló bá wa tọ́jú rẹ̀. Ìyá wọn máa ń sọ pé ó ń rákò lọ́jọ́ tí òṣùpá dí oòrùn lójú. 20 oṣù karùn-ún ọdún 1947 nìyẹn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò kàwé fi ohun tójú rí lójú ọ̀run sàmì sí ọmọ rẹ̀, ó sì mú un dání títí ó fi kú. Àwa tí a kàwé, ẹ wá wo bí a ti wà.

Ọkùnrin kan ṣáájú mi lórí ìlà. Ó mọ́ tónítóní, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ìyàwó òun kó ọmọ lọ, òun gbọ́ pé ó ti gba ìwé ìbí fún ọmọ náà láyìíká yìí, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun wo àdírẹ́sì tó fi sílẹ̀. Bàbá akọ̀wé bi í léèrè bóyá ó ní ìwé láti kóòtù. Kò ní. Bàbá náà ní kó lọ sí kóòtù, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Ọkùnrin náà ní, "Ṣebí ti gbogbo èèyàn ni ìwé ìjọba, sà?" Bàbá náà ò gbójú sókè. Ó ní, "Obìnrin náà wà lára gbogbo èèyàn yẹn."

Mo fẹ́ràn bàbá náà láti ìgbà yẹn. Ojú sì tì mí díẹ̀, torí mo ti há òfin 2011 sórí láti ilé, èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó wà nínú ìwé ìjọba. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dá ọ lóhùn, kò sì pọn dandan kí o sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Mo ti múra pé tí wọ́n bá ń dà mí láàmú, màá kà á sí wọn létí. Òfin yẹn náà ló tún dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni ẹlòmíì, mo kà á, mo sì fò ó kọjá, torí kì í ṣe ibi tí mo ń wá nìyẹn. Àṣé mo fẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu fún mi, kí wọ́n sì tì í gbọn-in mọ́ ọkùnrin yẹn lójú. Mo ṣì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ ńkọ́? Bí èmi ṣe ń wá bàbá lòun náà ń wá ọmọ. Nígbà tó ń jáde, ó kí gbogbo wa pé ó dàbọ̀. Mi ò mọ̀…

Lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ìgbéyàwó, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó fẹ́ gbéra wọn níyàwó mọ́ ibẹ̀. Òfin ló ní kí ó wà níta bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó fún wọn níwèé ẹ̀rí, kí ẹni tó bá ní ohun tó mọ̀ lè wá sọ ọ́. Ìwé tí wọ́n ń kọ ìkéde yẹn sí, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé lákòókò iṣẹ́ kó ní òun fẹ́ wò ó, kò sì ní san kọ́bọ̀. Mo dúró ka gbogbo wọn. Télọ̀ kan wà níbẹ̀. Mo bá òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣàdúrà gan-an, mo ṣe é sókè, obìnrin kan sì bá mi ṣe àmín.

Àbúrò mi fi wáàsàpù ránṣẹ́ pé kí n lọ sọ́dọ̀ àjọ ìkànìyàn. Mo ti ṣàlàyé fún un. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú tí àjọ yẹn ń lò, 1992 ni wọ́n ṣe é, Bàbá ti lo ọdún márùn-ún nínú ilẹ̀. Ìwé òfin 1999 sì tún ka kíkọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ni ẹni tó ń wá nǹkan bá ní láti kanlẹ̀kùn méjèèjì. Ti Ìbàdàn wá tún le sí i, torí káńsù kan ló ni gbogbo ìgboro nígbà tí Bàbá kú. 1991 ni wọ́n pín in sí márùn-ún. Ilé wa ò kúrò lójú kan, sàréè náà ò kúrò, ìjọba ìbílẹ̀ ló yí mọ́ wọn lórí. Mo kọ márààrún sẹ́yìn risíìtì òní, mo ti fagi lé ọ̀kan. Àwọn kan ní kí n lọ sí ilé ìwé àtijọ́ ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí Kenneth Dike dá sílẹ̀ ní 1954. Mo ti débẹ̀ rí. Ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀, owó orí. Bàbá Àgbà lè wà níbẹ̀. Télọ̀ tó kú sílé ní 1987, mi ò rò bẹ́ẹ̀. Èmi ò sì ní lọ lọ́la. Bóyá lọ́jọ́ Ajé. Bóyá n ò tún ní lọ mọ́.

Mo padà ń rò ó pé bóyá bàbá akọ̀wé yẹn mọ ohun tó ń sọ. Ìwé àwọn òkú ni. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, oríṣi orúkọ mẹ́rin, ó ní ẹni mi ò sí láàárín wọn. Ó yẹ kí ìyẹn dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi fún bíi ìṣẹ́jú kan nínú ọkọ̀, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, lẹ́yìn náà ni mo sunkún, ẹni tó jókòó tì mí sún kúrò díẹ̀ kí n lè ráyè.

Màmá pè ní aago mẹ́sàn-án. Wọn ò kí mi tán tí wọ́n fi béèrè pé, "Ṣé wọ́n rí Bàbá yín?"

Mo ní, "Wọn ò rí wọn, mà."

Wọ́n dákẹ́. Mò ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn wọn. Wọ́n wá ní, "Àgbò yẹn ṣì wà lórí ìso lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fún un lómi." Wọ́n tún dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun, mà. Ẹ̀wà náà ṣì wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì.