Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa fífi WhatsApp àti Telegram kàwé

Ẹ̀yin àbúrò mi tó wà ní yunifásítì, yálà Calavi lẹ wà tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ní Benin, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ rèé: ìwé tó wà nínú fóònù kò tíì wọ orí. Igba PDF lè kún inú fóònù, kí ìdánwò sì bá olówó rẹ̀ lófìfo.

Gúrúpù kíláàsì, ìkéde ni kẹ́ ẹ máa fi gbọ́: wákàtí tó yí padà, gbọ̀ngán tí ẹ ó lò. Irinwó èèyàn kò lè jọ yanjú ìṣirò kan. Gúrúpù ìkàwé, ẹni márùn-ún sí méje ti tó. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni méjì á máa sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á kàn máa wò.

Lálẹ́, kí ẹnì kan fi ìbéèrè kan ṣoṣo ránṣẹ́ látinú iṣẹ́ ọjọ́ náà. Kí kálukú fi ohùn dáhùn láìwo ìwé, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé, ìbáà ṣe ti Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ pe orúkọ nǹkan náà gan-an ní Faransé, torí Faransé lẹ ó fi kọ ìdánwò. Ẹni tí kò bá lè fi èdè ìyá rẹ̀ ṣàlàyé “l'offre et la demande” (ọjà tí wọ́n gbé wá tà àti èyí tí àwọn èèyàn fẹ́ rà), ṣe ló há a sórí. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń fara hàn. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ṣí ìwé, kí kálukú kọ ìdáhùn tó tọ́ sórí bébà ní Faransé, ìlà mẹ́ta péré.

Bí ẹ bá ya ojú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ bí àwòrán, WhatsApp á fún un pọ̀, àmì ìṣirò kéékèèké á di bàìbàì. Lórí Android, ẹ lo Google Drive láti yà á, á di PDF; kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ bíi Document. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀kọ́, orí àti ọdún sí i lára kó tó lọ.

Ẹ má fi WhatsApp ṣe àpótí ìwé. Fáìlì tí ẹ kò bá tètè gbà sílẹ̀ lè kọ̀ láti wọlé tó bá pẹ́, àfi kí ẹni tó fi ránṣẹ́ tún un fi ránṣẹ́. Telegram ni kẹ́ ẹ kó wọn sí: orí ẹ̀rọ tiwọn ni fáìlì ń wà, bí fóònù bá tilẹ̀ bọ́ sómi, ẹ ó bá a níbẹ̀. Fáìlì kan lè tó 2 GB.

Kí mẹ́gà (dátà) má bàa tán, ẹ wọ Paramètres nínú WhatsApp, ẹ tẹ Stockage et données, kẹ́ ẹ yọ àmì kúrò lára àwòrán, ohùn, fídíò àti Document níbi tí wọ́n ti ń wọlé fúnra wọn. Ní YouTube, àwòrán 144p tó bó bá jẹ́ ẹnu nìkan ni olùkọ́ ń lò; bó bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, ẹ gbé e sí 360p, kí 3 má bàa jọ 8 lójú yín.

Ó ku “corrigé”, ìdáhùn ìdánwò àtijọ́, tó ń kiri. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àtijọ́ náà fúnra yín, pẹ̀lú aago, kẹ́ ẹ tó ṣí i. Púpọ̀ nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiyín ló kọ ọ́, àṣìṣe inú rẹ̀ sì ti ń ti fóònù bọ́ sí fóònù láti ọdún mélòó kan. Bí ìdáhùn yín bá yàtọ̀, ẹ má tètè pa tiyín rẹ́. Ẹ mú méjèèjì tọ olùkọ́ lọ lẹ́yìn kíláàsì.