Mo Ti Wọkọ̀

Aago 5 ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni mo gbé báàgì kọ́yìn jáde nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo. Màámi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n bá mi tún okùn báàgì dè, wọ́n wá bi mí pé: "Ìgbà wo lo máa débẹ̀?"

Mo ní: "Ọ̀la, kó tó di alẹ́."

Nínú gbogbo ohun tí mo sọ nínú ìrìnàjò yẹn, gbólóhùn yìí ló dùn mí jù nígbà tó yá.

Àbíjàn ni mò ń lọ, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ẹni tí kò bá mọ agbègbè wa lè rò pé Èkó ni mo ti máa lọ wọ bàálù. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Ọ̀ṣun mọ̀ pé Èjìgbò ni ẹnu ọ̀nà Àbíjàn. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ará Èjìgbò ti ń ṣòwò lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ wọn bímọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ fi owó ibẹ̀ kọ́lé sílé, débi pé ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò gan-an lọ sí Àbíjàn. Tó o bá dé ìgboro wọn, wàá gbọ́ Faransé nínú Yorùbá, wàá sì rí ẹni tó máa ṣẹ́ owó sẹ́fà fún ọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ní Òṣogbo ń gbé ní Treichville, àdúgbò kan ní Àbíjàn, báyìí. Ọdún kẹta rèé tó ti ń ní kí n wá. Mo tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tó, mo di aṣọ 4 sínú báàgì kan ṣoṣo, mo wọ ọkọ̀ Èjìgbò ní Old Garage.

Aago 7 àárọ̀ ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì mi. Aago 1 ọ̀sán ti kọjá kí táyà ọkọ̀ tó yí.

Ọkọ̀ ò tíì kún, ohun àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìgbà tó wá kún, ẹrù ò tíì parí: àpò gàrí, àpò èlùbọ́, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, ìrù tí wọ́n dì mọ́ra tí òórùn rẹ̀ ṣì ń jáde, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, àti àdìrẹ Òṣogbo tí wọ́n ká sínú àpò ìrẹsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ gbogbo ẹrù orí ọkọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n tún un tò, nítorí oníkálukú ló fẹ́ kí tòun wà níbi tí ọwọ́ òun ti lè tó o.

Mi ò jókòó. Fún wákàtí 2 àkọ́kọ́, orí ìdúró ni mo wà, báàgì ṣì wà lẹ́yìn mi, mò ń lọ bá agbèrò, mò ń bọ̀. Ìdáhùn kan náà ló ń fún mi: "Ó kù díẹ̀, àǹtí. Ọkọ̀ ti fẹ́ máa lọ."

Ìyá kan tó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò ló wá pè mí. "Ìwọ ọmọ yìí, sọ ẹrù rẹ kalẹ̀. Ọkọ̀ ò ní fi ọ́ sílẹ̀, owó rẹ wà lọ́wọ́ wọn. Kí loríkì rẹ?"

"Àbẹ̀kẹ́ ni, mà."

"Àbẹ̀kẹ́, jókòó."

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì jókòó. Aṣọ ni Màmá ń tà ní Adjamé, ní Àbíjàn, wọ́n ní kí wọ́n tó bí mi ni àwọn ti ń rin ọ̀nà yẹn. Ẹ̀pà àti gúgúrú wà nínú ike kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, omi wà níbẹ̀, abẹ̀bẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àṣé wọn ò tilẹ̀ retí aago 7 rí. Láìpẹ́ fóònù wọn dún. Ọmọ wọn ọkùnrin ló ń pè láti Àbíjàn. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi dá a lóhùn: "Mo ti wọkọ̀." Orí ẹní la sì wà o! Mo bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi sọ ọjọ́ tí wọ́n máa dé fún un. Wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Ṣé èmi ni mo ni ọ̀nà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Láti Èkó dé Àbíjàn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1,028, àmọ́ orílẹ̀-èdè 5 ló wà lórí ọ̀nà náà, ẹnubodè 4 sì ni a gbọ́dọ̀ là kọjá. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1979 ló jẹ́ ká lè wọ ilẹ̀ ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Òótọ́ ni, mi ò gba físà kankan. Ṣùgbọ́n físà kọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, gbogbo èrò á bọ́ sílẹ̀, a ó fẹsẹ̀ rìn, wọ́n á wo ìwé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún wo ẹrù, a ó sì dúró de ẹni tó gbẹ̀yìn. Ní Sèmè, níbi tí a dé ní òru, ọmọkùnrin kan nínú wa kò ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú lọ́wọ́. Gbogbo wa dúró de òun nìkan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Màmá fi ọwọ́ kàn mí lórúnkún, wọ́n ní: "Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?" Ojú tì mí, tọkàntọkàn ni mo sì fi dákẹ́. Sèmè la sùn mọ́jú.

Kútọ̀nú ò gbà wá lákòókò púpọ̀. Mo rántí àwọn ọlọ́kadà wọn tí wọ́n wọ ẹ̀wù yẹ́lò, àti àkàrà gbígbóná tí mo fi owó sẹ́fà wẹ́wẹ́ rà láti ojú wíńdò. Ẹ jẹ́ n sọ èyí: ẹ ṣẹ́ owó yín sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá mú owó ńlá nìkan lọ́wọ́ á fi ebi jókòó, nítorí oníàkàrà ò ní ṣéńjì, ọkọ̀ ò sì ní dúró dè é.

Ní Hillacondji, tí a ti Bẹ̀nẹ̀ bọ́ sí Tógò, aago orí fóònù mi fi wákàtí 1 padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Aago Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire kò bá tiwa dọ́gba. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he. Mo ní a ti jèrè wákàtí kan. Mi ò rò ó pé aago ilé ní Òṣogbo ò yí padà, pé níbẹ̀, alẹ́ tí mo dá fún Màámi ń sún mọ́lé ni.

Lomé, òkun wà lọ́wọ́ òsì wa, ó mọ́ rokoso. Aflao. Ó di Gánà. Nígbà tí a gun afárá odò Volta ní Sogakope, oòrùn ti ń wọ̀. Àwọn ọmọbìnrin gbé búrẹ́dì sórí, wọ́n sáré bá ọkọ̀, mo ra kan. A ò tíì rìn jìnnà lẹ́yìn ibẹ̀ tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú ọkọ̀. Dírẹ́bà wà á sí ẹ̀gbẹ́ títì. Rádíétọ̀ ló bẹ́. Ẹ̀yà tí wọ́n nílò, Tema ni wọ́n ti máa rí i, ó sì di ọjọ́ kejì.

Alẹ́ Sátidé nìyẹn. Alẹ́ tí mo ní mo máa dé.

Mo fẹ́ pe Màámi. Fóònù mi ti kú, nítorí àtàárọ̀ ni mo ti ń fi gbọ́ orin. Páwà báńkì mi wà nínú báàgì, báàgì wà lórí ọkọ̀, lábẹ́ àpò gàrí. Ọmọkùnrin tí a dúró dè ní Sèmè, òun náà ló na fóònù rẹ̀ sí mi, síìmù Gánà wà nínú rẹ̀, owó ìpè sì wà lórí rẹ̀. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo gbé ìka mi sórí rẹ̀, mo wá dúró báyìí. Mi ò mọ nọ́ńbà ìyá mi lórí. "Màámi" nìkan ni mo máa ń tẹ̀. Mo gbìyànjú: 080, 5... kò jọra wọn. Mo dá fóònù náà padà fún un, mo lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo sunkún.

Màmá ò bá mi wí. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n pe àwọn obìnrin yòókù, a sùn yí ẹrù ọwọ́ wa ká, orí wa sí àárín, ẹnì kan ń jí fún àwọn tó kù ní wákàtí méjì-méjì. Búrẹ́dì mi àti ẹja díndín ẹlòmíràn la jọ jẹ. Nígbà tó kan Màmá láti jí, oorun ò kun èmi náà, wọ́n sì sọ fún mi pé ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n gbé wọn pọ̀n gbà ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ọmọ ọdún 3 ni wọ́n. Ẹ̀yìn ìyá wọn ni wọ́n wà. Gbogbo ohun tí bàbá wọn kó jọ ní Kumasi, ìwọ̀nba tí orí lè rù ni wọ́n rí gbé. "Àwọn ará ilé ò mọ̀ bóyá a kú tàbí a yè," Màmá ní. "Ọjọ́ tí a wọlé ni ìyá ìyá mi tó jẹun." Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́ pẹ́. Ọkọ̀ àjàgbé ń kọjá, iná rẹ̀ ń tàn sí wa lójú.

Aago 11 àárọ̀ Sunday la tó kúrò níbẹ̀. Àkrà, Cape Coast, Takoradi, mo sun púpọ̀ nínú rẹ̀. Alẹ́ ti lẹ́ nígbà tí a dé Elubo, wọ́n ti ti ẹnubodè, a tún tẹ́ ẹní. Mo bẹ dírẹ́bà títí ó fi gùn ún lọ bá mi sọ báàgì kalẹ̀. Páwà báńkì jáde, fóònù tàn, nọ́ńbà Màámi wà níwájú mi. Mo yá fóònù ọmọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ti Màámi ni kò lọ mọ́. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé láti alẹ́ Sátidé ni wọ́n ti ń pè mí títí bátìrì fi tán, tí kò sì sí iná láti fi gbà á.

Mo kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé ní alẹ́ ọjọ́ náà, àti ti àbúrò mi, àti ti ọ̀rẹ́ mi ní Treichville. Inú àpò kékeré tí mo so mọ́ ìdí ni mo fi í sí pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù, ibẹ̀ náà ló sì wà dòní.

Ọ̀sán Monday la wọ Àbíjàn. Ọmọ Màmá ti wà ní gáréèjì, ara rẹ̀ balẹ̀. Dírẹ́bà ló pè é láti Aboisso pé a ti ń bọ̀. Kò fìgbà kan dààmú, nítorí kò sẹ́ni tó dá ọjọ́ fún un. Ọ̀rẹ́ tèmi ti wá lálẹ́ Sátidé, ó tún wá ní Sunday, ojú rẹ̀ ti wú. Ó dì mọ́ mi, kò sì sọ̀rọ̀, ó kàn fi fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ gbé e. "Ẹ̀gbọ́n! Màámi ò sí nílé. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti lọ sí Èjìgbò."

Mo pe fóònù Màámi. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn agbèrò lẹ́yìn wọn, ohùn tí mo mọ̀: "Ọkọ̀ ti fẹ́ máa lọ!" Inú gáréèjì ni wọ́n wà, lórí àga tí alága ibẹ̀ gbé fún wọn. Gbogbo dírẹ́bà tó ń wọlé ni wọ́n ti ń bi léèrè. Mo ní, "Màámi, èmi ni. Mo ti dé."

Wọn ò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ohùn wọn jáde, wọ́n ní: "Ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo lò. Atìẹ́kẹ́ àti ẹja yíyan, òkun Grand-Bassam, ọjà Treichville tí wọ́n ti kí mi ní Yorùbá kí n tó la ẹnu: mo máa kọ nípa wọn lọ́jọ́ mìíràn. Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ padà, mo tẹ́ ẹní tuntun tí mo rà sí gáréèjì, mo gbé ẹ̀pà àti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Páwà báńkì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti sọ ẹrù orí ọkọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fóònù dún, Màámi ni. Mo gbọ́ ìbéèrè náà lẹ́nu wọn kó tó jáde, mo sì yára sọ ọ́:

"Màámi, mo ti wọkọ̀."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní: "Ó dáa. Èlùbọ́ wà nílé. Ìgbà tó o bá dé la máa ro ọkà."